Ẹni Tí Ó Mọ Orúkọ Ọmọ: Ìtàn Ìtọ́jú Ọmọdé ní Ilé-Ìwé Àgùdà, láti Èkó Àtijọ́ dé Apapa àti Ajégúnlẹ̀

Ibì kan wà ní Ajégúnlẹ̀, ní Èkó, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Boundary. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ariwo kì í sì í dá níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọjá níbẹ̀ kò bi ara wọn léèrè ohun tí ó mú kí a máa pe àárín ìgboro ní ààlà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà bá ìtàn mu. Láti ọdún 1954, nígbà tí a yọ Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn tí a sì fi í sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba méjì ni Apapa àti Ajégúnlẹ̀ wà. Apapa jẹ́ ti Èkó. Ajégúnlẹ̀, tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Apapa, jẹ́ ti ìjọba tí ó fi Ìbàdàn ṣe olú ìlú. Ọmọ méjì lè máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí òfin tí ó rán ọ̀kan lọ sí ilé-ìwé má sì kan èkejì rárá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ Àgùdà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Èmi kì í ṣe Àgùdà. Katikíìsì Ìjọ Áńgílíkà ni mí, ẹni tí ó bá sì retí pé kí n wá gbé ìjọ kan ga ju èkejì lọ níhìn-ín, kí ó yáa ṣí ojú ìwé mìíràn. Ohun tí mo ń wá ni pé ta ni ó ń tọ́jú ọmọ ní ilé-ìwé, yàtọ̀ sí kíkọ́ ọ ní ìwé. Ta ni ó ń bèèrè bí ó ti sùn, ohun tí ó jẹ, àti ìdí tí ojú rẹ̀ fi wú. Nínú ìtàn náà mo rí ohun rere méjì tí ń bá ara wọn fà á. Èkínní ni pé kí olùkọ́ mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ní ilé. Èkejì ni pé kí a má ṣe ti ọmọ kankan mọ́ òde. Ẹni tí ó bá di èkínní mú ṣinṣin, àwọn ọmọ díẹ̀ ni apá rẹ̀ ń ká. Ẹni tí ó bá sì di èkejì mú, èrò a bò ó mọ́lẹ̀.

Kí fadá kankan tó wá gbé ní Èkó ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Padre Anthonio. Ẹrú tí ó gba òmìnira ni, láti ilẹ̀ Brazil ni ó sì ti bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó. A kò gbé ọwọ́ lé e lórí, kì í ṣe àlùfáà, síbẹ̀ ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó ń ṣe ìtẹ̀bọmi fún àwọn ìkókó, ó sì ń dúró ti àwọn tí ń kú lọ. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero ti Ẹgbẹ́ SMA dé Èkó láti Ouidah ní ọdún 1863, ìjọ ni ó bá nílẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ òfo. Ọdún 1868 ni Fadá Pierre Bouche tó wá láti máa gbé ní Èkó. Ó dùn mọ́ mi láti rántí èyí, nítorí a sábà máa ń sọ ìtàn ìjọ bí ẹni pé láti orí ọkọ̀ ojú omi ni ohun gbogbo ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò ní oyè, tí kò ní owó oṣù, tí kò tilẹ̀ ní ilé-ìwé kankan, ni ó kọ́kọ́ mọ àwọn ọmọ Àgùdà Èkó ní orúkọ.

Àwọn fadá náà kò pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé agbára àwọn kò dé ibi gbogbo. Obìnrin kì í fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin àjèjì, bí ó ti wù kí aṣọ rẹ̀ gùn tó. Nítorí náà ni Fadá Augustin Planque, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, fi dá Ẹgbẹ́ àwọn Sístà ti Ìyá Wa ti àwọn Àpọ́sítélì sílẹ̀ ní ọdún 1876. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n mú kí ilé-ìwé Àgùdà di ilé. Wọ́n ń wẹ egbò, wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àti òwú, wọ́n ń gba ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú. Púpọ̀ nínú wọn ni ibà pa kí wọ́n tó gbọ́ èdè wa dáadáa.

Ní ọdún 1876 kan náà ni àwọn fadá dá oko ńlá kan sílẹ̀ ní Topo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n gbin àgbọn púpọ̀ sí. Àwọn ìdílé onígbàgbọ́ ń gbé níbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Èmi kò fẹ́ fi oyin pa ọ̀rọ̀ Topo. Ó gba ọmọ tí kò ní ibi tí yóò sùn sí, ó sì bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ le, ìkáwọ́ ibẹ̀ sì le, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà Èkó fi ń fi orúkọ Topo dẹ́rù ba ọmọ alágídí. Ibi tí a dá sílẹ̀ fún àánú di ohun tí a fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá níwájú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Róòmù ní oṣù kẹjọ ọdún 1910 tí àwa tí a kì í ṣe Àgùdà kì í sábà kà sí, ṣùgbọ́n tí ó yí ìtọ́jú ọmọ padà nínú gbogbo ilé-ìwé wọn. Póòpù Pius Kẹwàá pa á láṣẹ pé kí a má ṣe dá ọmọ dúró mọ́ kúrò nídìí Oúnjẹ Olúwa bí ó bá ti tó bí ọdún méje tí ó sì ti ní òye. Ṣáájú ìgbà náà, ní ilẹ̀ púpọ̀, ọmọ a máa dúró di ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí àṣẹ yìí gbé lé fadá lọ́wọ́. Ọmọ tí yóò gba Oúnjẹ Olúwa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, òun nìkan, létí àlùfáà. Àlùfáà tí ń bá àgbà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ jókòó kí ó sì fetí sí ọmọ ọdún méje, tí yóò sọ fún un pé òun jí ẹran nínú ìkòkò, tàbí pé ẹ̀rù bàbá òun ń ba òun. Kò sí olùkọ́ ní ilé-ìwé tiwa nígbà náà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi agbára mú un láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀. Àwa ń kọ́ wọn ní ẹgbẹẹgbẹ́, a ń bi wọ́n ní ìbéèrè katikísímù ní ẹgbẹẹgbẹ́, wọ́n sì ń dáhùn bí ohùn kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, kí a má bàa rò pé Ìjọ Áńgílíkà kò ṣe nǹkan kan. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé ti ìjọ wa, wọ iṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú Èkó ní àkókò tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé wọ ilé, èyí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń pa ènìyàn ní ìlú náà. Òun ni aṣáájú nínú ìtọ́jú ìlera àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó. Àìsàn kò béèrè ìjọ tí ọmọ ń lọ, òun náà kò sì béèrè. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ìtọ́jú tirẹ̀ ni irú kejì tí mo sọ: kò mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn òde òfin rẹ̀. Àrùn yẹn kan náà ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún Èkó ṣe, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ibi tí àwọn ènìyàn yóò máa gbé ní òdìkejì ọ̀sà.

Ní òdìkejì ọ̀sà ọ̀hún ni Apapa wà. Ní ọdún 1921 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté tuntun níbẹ̀, ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin fún ọkọ̀ ńlá, ó sì parí ní ọdún 1926. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì a tún fi márùn-ún kún un. Níbi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí, a ń fẹ́ ẹni tí yóò ru ẹrù. Àwọn arẹrù wá láti ibi gbogbo: Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ígbò, Hausa, àti Yorùbá láti ìlú òkè. Wọn kò lè san owó ilé ní Apapa, níbi tí ìjọba ti la òpópó gbígbòòrò tí ó sì kọ́ ilé fún àwọn Òyìnbó àti àwọn ọ̀gá. Nítorí náà wọ́n sọdá sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi sì ń wọ ilé ní ìgbà òjò. Ajé gúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n bí ajé bá gúnlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ó kọ́kọ́ dúró pẹ́ ní Apapa.

Àwọn àlejò wọ̀nyí ni wọ́n yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, Àgùdà, padà. Ní Èkó àtijọ́, bí a bá sọ pé Àgùdà, ọkàn wa a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn da Silva, àwọn Pereira, àwọn da Rocha, pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn tí ó ní ọ̀ṣọ́. Ní Ajégúnlẹ̀, Àgùdà di ọmọ Ígbò tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, tàbí ọmọ Urhobo tí ìyá rẹ̀ ń ta gàrí. Olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú kíláàsì yóò rí ọmọ tí ń sọ èdè mẹ́fà ní ilé, tí èdè kan ṣoṣo tí gbogbo wọn sì jùmọ̀ gbọ́ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgboro tí ìwé ilé-ìwé kò fẹ́ gbọ́. Báwo ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti mọ̀ bóyá ọmọ tí kò dáhùn jẹ́ òmùgọ̀, tàbí ẹ̀rù ni ó ń bà á, tàbí kò tilẹ̀ gbọ́ ìbéèrè náà? Mo gbà pé nínú gbogbo ìṣòro ìtọ́jú ọmọ ní ilẹ̀ náà, èyí ni a kà sí jùlọ ní kékeré.

Nígbà náà ni ọdún 1955 dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé wọ̀nyí ní gbogbo Ẹkùn náà tó nǹkan bí 457,000. Ní ọdún 1955 wọ́n di 811,000 àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajégúnlẹ̀ wà nínú èyí. Apapa kò sí níbẹ̀, nítorí ó ti di ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Ọdún 1957 ni Èkó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Fún ọdún méjì, nígbà náà, ọmọ arẹrù ní Ajégúnlẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé láìsan kọ́bọ̀, nígbà tí ọmọ akọ̀wé ní Apapa ń san. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàrin ibi méjèèjì.

Àwọn ìjọ ni wọ́n ṣì ń ṣe àkóso púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà, ìjọba sì ń san owó. Mo ti jókòó ti àwọn àgbà olùkọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àkókò yẹn, àwọn tiwa àti ti Àgùdà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: inú wọn dùn, ọwọ́ wọn kò sì tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Fún ẹni tí ó ní ọmọ 30 nínú kíláàsì, ọmọ tí kò wá jẹ́ àga tí ó ṣófo, ojú rẹ̀ yóò sì lọ síbẹ̀. Fún ẹni tí ó ní 60, tí mẹ́ta jókòó sórí àga ẹni méjì, bí ọmọ kan kò bá wá, ìrọ̀rùn ni.

N kò sọ èyí láti bu ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kù. Ẹni tí ó bá ń ṣàárò ìgbà tí ilé-ìwé ṣì kéré tí ó sì mọ́, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìdílé tirẹ̀ ìbá wà lára àwọn tí a gbà wọlé. Tèmi kì bá tí sí níbẹ̀.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1980 ni ìjọba gba àwọn ilé-ìwé ìjọ, ní Èkó àti ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, tí orúkọ àwọn ẹni mímọ́ sì wà lára ògiri láìsí fadá nínú ọgbà. Ọ̀kan nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo lọ ní Ajégúnlẹ̀ ní ìparí ọdún 1980 sí 1990; èmi kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ìyá mi ń ta epo kẹrosíìnì, èmi ni mo sì ń gbé e ká fún àwọn oníbàárà kí oòrùn tó yọ. Mo ń pẹ́ dé ilé-ìwé lójoojúmọ́, wọ́n sì ń nà mí lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, pàṣán mẹ́ta mẹ́ta. Olùkọ́ tí ń nà mí kì í ṣe ènìyàn búburú. Àwa tí a pẹ́ máa ń tó ogún lórí ìlà, òun kan ṣoṣo sì ni ó dúró tì wá. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ òun náà bí ó ti ń rí oúnjẹ jẹ nígbà tí owó oṣù kò wọlé.

Olùkọ́ obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ti wà láti ìgbà tí àwọn Sístà ṣì ń ṣe àkóso. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ọkọ mi, èéṣe tí o kì í fi í tètè dé?” Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, mà.” Ó wo ọwọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa rí i tí ó yọ sí ilé wa. Ẹ̀rù ba ìyá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò ṣẹ̀ yín?” Obìnrin náà ní, “Kò ṣẹ̀ mí o, Ìyá Délé. Mo ní kí n wá kí yín ni.” Wọ́n jókòó pẹ́. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó tẹ̀ lé e, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbé epo kiri. Àwọn mọ́kàndínlógún yòókù ṣì wà lórí ìlà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin kan kò lè lọ sí ogún ilé ní Sátidé kan.

Èyí ni ó mú kí n má lè gbè sẹ́yìn ẹnì kan pátápátá nínú ìjà ńlá ọdún 1980. Alhaji Látéèfù Jákáńdè di gómìnà Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Ní ìgbà náà àwọn ọmọ kan ń wá sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀sán, nítorí yàrá kò tó. Ọmọ tí kò bá sí ní ilé-ìwé ní ìdajì ọjọ́ wà ní ìgboro. Jákáńdè fi òpin sí èyí. Ó kọ́ yàrá ìkàwé kíákíá, àwọn ènìyàn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Bí òjò bá ń rọ̀ a kì í gbọ́ ohùn olùkọ́ nínú wọn, mo lè jẹ́rìí sí èyí, ṣùgbọ́n abẹ́ wọn ni mo ti kọ́ ABD. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1980, ìjọba rẹ̀ fi ìwé àṣẹ jáde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kò ní sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Èrò rẹ̀ ni pé kí ọmọ kan má ṣe ga ju èkejì lọ.

Àṣẹ náà kan àwọn ilé-ìwé tí Ìjọ Àgùdà ṣì ní lọ́wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olúbùnmi Okogie, tí ó ti wà lórí àga Èkó láti ọdún 1973, gba ilé ẹjọ́ lọ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ohun tí ó ya mí lẹ́nu nínú ẹjọ́ náà, tí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn òfin ní ọdún 1981, ni ibi tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ ìsìn ni wọ́n fi ṣe òpó ọ̀rọ̀. Ìpín 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1979 ni, èyí tí ó sọ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀, kí ó sì dá ohun èlò sílẹ̀ tí yóò fi tan ìmọ̀ kálẹ̀. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ilé-ìwé wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé aládàáni ṣe yè ní Èkó. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń ka ẹjọ́ náà títí di òní, ṣùgbọ́n bí mo ti kà á, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni bèèrè nínú rẹ̀ ta ni ó mọ orúkọ ọmọ. Ìjọba ń sọ̀rọ̀ ìdọ́gba, ìjọ ń sọ̀rọ̀ òmìnira, ọmọ sì wà ní àárín wọn pẹ̀lú sílétì rẹ̀.

Ní ọdún 2001 ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá díẹ̀ nínú àwọn ilé-ìwé padà fún àwọn ìjọ tí ó ni wọ́n. A kọrin ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa pẹ̀lú. Nígbà tí ilé-ìwé padà sọ́wọ́ ìjọ, a tún ògiri kùn, kíláàsì tún kéré, a sì tún rí ẹni tí yóò pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé dé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ìjọba kò san owó oṣù àwọn olùkọ́ náà mọ́. Ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú jùlọ ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí owó náà san. Ní Apapa ìdílé púpọ̀ lè san. Ní Ajégúnlẹ̀, àwọn tí kò lè san kọjá sí ilé-ìwé ìjọba, bí irú èyí tí ó wà ní ọgbà ńlá Tolu, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà pọ̀ nínú ọgbà kan. Àwọn ẹgbẹ́ nínú Ìjọ Àgùdà, bí Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ tí ó ti wà láti ọdún 1833 ní Paris, a máa bá àwọn aláìní san díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Mo sọ pé ọ̀rọ̀ Topo yóò padà wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, ní ilẹ̀ Ireland, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn fadá àti Sístà Nàìjíríà ti wá, ìgbìmọ̀ kan tí Adájọ́ Seán Ryan ṣe alága rẹ̀ gbé ìwé jáde nípa ohun tí ojú àwọn ọmọ rí ní àwọn ilé ìtọ́jú àti ilé-ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ Àgùdà ń ṣe àkóso. Ìnà, ebi, àti ohun tí ó burú ju ìnà lọ. Kí Áńgílíkà kankan má ṣe mi orí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ tiwa, pé ìjọ dáàbò bo orúkọ ara rẹ̀ ju bí ó ti dáàbò bo ọmọ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lórí ọ̀ràn ọkùnrin kan tí ó fìyà jẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Zimbabwe. Ibi ìkọ̀kọ̀ tí ọmọ ti lè sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ fún àgbà ni ibi tí àgbà burúkú ti lè fi í ṣe ìjẹ. Mímọ orúkọ ọmọ kò tó, bí kò bá sí ẹlòmíràn tí ó mọ ohun tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ń ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba ni ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: Èkó ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 2007, ó sì fi àṣẹ jáde ní ọdún 2016 nípa ìlànà ààbò ọmọdé tí ó kan àwọn ilé-ìwé, ti ìjọ àti ti ìjọba.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kí ìjọba tó fi ètò tuntun lélẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021 nípa bí ọkọ̀ ẹrù yóò ti máa wọ èbúté, àwọn tírélà àti ọkọ̀ epo tò sí gbogbo ọ̀nà Apapa fún ọjọ́ púpọ̀ léraléra. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń rìn láàrin táyà wọn. Ọmọ tí ó jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni ó ń sùn lórí àga ní agogo mẹ́sàn-án. Ilé-ìwé tí ó bá fi pàṣán dáhùn, àwọn táyà náà ni ó ń nà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ni ní ilé-ìwé Àgùdà kan ní agbègbè yìí. Ní ọdún tí ó kọjá ó fi ìwé kékeré kan hàn mí, èyí tí ó ń pa mọ́ lábẹ́ ìwé orúkọ kíláàsì. Orúkọ àwọn ọmọ 34 ni ó wà nínú rẹ̀, àti níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ ní ilé, ẹni tí ń wá mú un lọ sílé. Ọ̀gá ilé-ìwé a máa wò ó ní òpin oṣù, òun náà a sì fọwọ́ sí i. Mo ka àwọn ọmọ tí mo rí nínú kíláàsì, wọ́n jẹ́ 30. Mo bi í léèrè àwọn mẹ́rin yòókù. Ó ní owó ilé-ìwé ni ó lé wọn lọ láti oṣù kìn-ín-ní, àti pé àwọn méjì ti wọ ilé-ìwé ìjọba, òun ti lọ wò wọ́n níbẹ̀, òun sì ti bá olùkọ́ wọn tuntun sọ̀rọ̀. Àwọn méjì tí ó kù, òun kò tíì rí wọn. Kò fa ìlà pa orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.